Ọkọ̀ Alágbára Tó Mọ Ìwà Hù: Tọ́bò Méjì Lórí V8 fún Ojú Pópó

Kíki agbára bọ inú ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ, mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan) kò ṣòro mọ́. Tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì) wà lóríṣiríṣi, ínjẹ́tọ̀ ńlá wà, bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) tí ènìyàn lè fi kọ̀ǹpútà alágbèéká tún ètò inú rẹ̀ kọ wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù tó lè jìyà láìkú pọ̀ nílẹ̀. Ohun tó ń gba òógùn ni kí ọkọ̀ tí a ti ki agbára sí náà dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án gangan kí ó má hó, kí ó jí ní òwúrọ̀ láìsí pé à ń bẹ̀ ẹ́, kí ó má máa rùn epo sí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, kí ará ilé mi sì lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kí ó wà á jáde láìgba ìlànà kankan lẹ́nu mi. Ìyẹn ni mo pè ní ọkọ̀ ojú pópó. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa tọ́bò méjì tí mo gbé sórí Chevrolet Chevelle 1970 mi, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé.

Ẹni tó bá mọ ìtàn muscle car (ọkọ̀ eré Amẹ́ríkà oníẹ́ńjìnnì ńlá) mọ̀ pé títóbi ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń wá agbára nígbà náà. Fún ọdún 1964, àwọn ẹlẹ́rọ Pontiac, tí John DeLorean wà lára wọn, mú ẹ́ńjìnnì lítà 6.4 tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ńlá, wọ́n gbé e sínú Tempest tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pè é ní GTO. Họ́ọ̀sìpáwà 325 ni wọ́n kọ fún un, 348 bí oníbàárà bá gba kábúrétọ̀ mẹ́ta. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù gbá tẹ̀lé e. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí ọ̀nà náà fi dí: òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970 dé, owó ìbánigbófò ọkọ̀ eré wọ́n bí ojú, GM (General Motors, tó ni Pontiac àti Chevrolet) dín compression àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ (bí wọ́n ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ àti epo mọ́ra kí iná tó tàn) kù ní 1971, ọ̀wọ́n epo 1973 sì wá pa á tán. Ní 1972, wọ́n tún yí bí wọ́n ṣe ń ka họ́ọ̀sìpáwà padà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì sórí ìdúró ìdánwò láìsí sálẹ́ńsà ọkọ̀, láìsí ọ̀pọ̀ nǹkan tó yẹ kí ó máa fà yíká. Láti ọdún yẹn, bí yóò ṣe wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà inú ìwé 1969 ko ti òde òní lójú. Ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń kà.

Tọ́bò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Switzerland, gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1905. Fún ọdún 1962, Oldsmobile gbé e sórí V8 kékeré lítà 3.5 inú Jetfire, wọ́n sì rí họ́ọ̀sìpáwà 215 gbà láti inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi compression sílẹ̀ ní 10.25, ìyẹn sì ga fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ ki afẹ́fẹ́ mọ́ nínú. Kí epo má bàa máa bú ṣáájú àsìkò, wọ́n ṣe àgbá kékeré kan tí omi àti methanol wà nínú rẹ̀, tó ń wọ́n sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí búùsìtì (ìtì afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fi kún un) bá dé. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa rọ ọ́ kún. Bí ó bá gbẹ, ètò inú ọkọ̀ á dí búùsìtì lọ́wọ́, agbára á sì wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò rọ ọ́. Ọdún méjì péré ni Jetfire lò lọ́jà, nígbà tó sì yá, ilé iṣẹ́ náà ń bá àwọn tó bá fẹ́ yọ tọ́bò kúrò, wọ́n á fi kábúrétọ̀ lásán dípò rẹ̀. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí gan-an, torí agbára kọ́ ló wọ́n ọn. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn lójoojúmọ́ ló pọ̀ jù.

Ọkọ̀ tí mo ń wò ṣe àwòkọ́ṣe yàtọ̀ sí i. Ní 1987, ẹni tó bá lọ ra Corvette lọ́wọ́ aṣojú Chevrolet lè ní kí wọ́n kọ B2K, àmì àfikún kan, sínú ìwé ìbéèrè òun. Wọ́n á gbé ọkọ̀ náà lọ sí ilé iṣẹ́ Callaway ní Old Lyme, ìpínlẹ̀ Connecticut, á sì jáde níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́bò méjì, họ́ọ̀sìpáwà 345 dípò 240. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Callaway ṣe ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n pè ní Sledgehammer. Ní oṣù Kẹwàá 1988, awakọ̀ eré John Lingenfelter wà á lórí pápá ìdánwò kan ní Ohio, ó sáré dé máìlì 254.76 ní wákàtí kan, ìyẹn kìlómítà 410. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Ohun tí èmi ń rántí ni pé wọ́n wà á lójú títì láti Connecticut lọ sí Ohio, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù àti rédíò nínú rẹ̀, wọ́n sì tún wà á padà lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí. Ẹ ro ohun tí ìyẹn gbà. Ẹ́ńjìnnì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó họ́ọ̀sìpáwà 900, ó sì ń dúró níbi iná ojú ọ̀nà bíi ti gbogbo ayé.

Fún tèmi, mo yan V8 lítà 5.3 tí GM bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ láti 1999, èyí tí wọ́n ń pè ní LM7. Irin ni bulọ́ọ̀kù rẹ̀, orí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, họ́ọ̀sìpáwà tí ilé iṣẹ́ sì kọ fún un bẹ̀rẹ̀ láti 270 dé 295 bí ọdún ṣe ń lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀bá ló yẹ kí ó wà nínú Chevelle. Mo gbọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀bá rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gé. Tèmi kò ní i mọ́ kí n tó rà á. Bulọ́ọ̀kù 5.3 lágbára, àwọn bóòtì rẹ̀ mú ọ̀pá kíráńkì láti ìsàlẹ̀ àti láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà káàkiri. Ìyẹn tó fún mi.

Tọ́bò kò pidán. Èéfín gbígbóná tí ì bá ṣòfò ló ń yí àjà kan (kẹ̀kẹ́ kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ bíi fáànù). Ọ̀pá kan so àjà náà mọ́ òmíràn ní ìdàkejì, èyí tó ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká létíkun ń tẹ̀ wá ní psi 14.7 (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìtì). Bí tọ́bò bá fi psi 7 lé e, ó di 21.7, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí a bá lè mú un tutù. Mo fẹ́ kí ẹ mú gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lọ́wọ́, màá padà sí i.

Àbúrò mi kan tó máa ń bá mi ṣiṣẹ́ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tọ́bò kan tó tóbi kò ní ṣe é ni?" Á ṣe é. Ẹni tó bá sọ fún yín pé tọ́bò méjì dára ju ọ̀kan lọ nígbà gbogbo kò sọ òdodo. Tọ́bò kan ní páìpù díẹ̀, wastegate (fáàfù tó ń darí èéfín kúrò lójú àjà kí búùsìtì má bàa pọ̀ jù) díẹ̀, ibi tí ọ́ìlì lè ti jò kò pọ̀, àwọn tọ́bò òde òní sì yára jí gan-an. Ṣùgbọ́n V8 ní apá méjì. Bí tọ́bò bá jẹ́ ọ̀kan, èéfín apá kan gbọ́dọ̀ rìn yípo lábẹ́ tàbí níwájú ẹ́ńjìnnì kó tó pàdé ìkejì rẹ̀, iná tí ì bá yí àjà ti ń sọnù lójú ọ̀nà, páìpù yẹn sì ń yan gbogbo ohun tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì, kálukú dúró ti apá tirẹ̀, páìpù kúrú, àjà kéré, àjà kékeré sì rọrùn láti mú yí. Wọn ò dọ́gba tán o: nínú ètò tí sílíńdà ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà tan iná tẹ̀léra, 1-8-7-2-6-5-4-3, sílíńdà 2 àti 6 máa ń tẹ̀lé ara wọn ní apá kan, 3 àti 1 ní apá kejì, èéfín tó ń lu àjà kò sì ní ìdọ́gba tí a rí nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà. Síbẹ̀, ní ojú pópó, níbi tí mo ti ń fẹ́ agbára láti 2,500 dé 5,000 àyípo, méjì kékeré ló wù mí.

Bí a ṣe máa rí ibi fi wọ́n sí ni ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì Chevelle gbòòrò lójú, ó sì dà bí ẹni pé àyè pọ̀, títí ènìyàn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Apá òsì ni àpótí ìdarí wà, ọ̀pá tó ti ibẹ̀ lọ sí sítíárìn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ bíréèkì náà wà níbẹ̀. Apá ọ̀tún dákẹ́ ní tirẹ̀, bátìrì ló wà níbẹ̀, bátìrì sì ṣeé gbé lọ sí búùtù. Mo yí manífóòdù èéfín (páìpù tó ń gba èéfín láti orí ẹ́ńjìnnì) ọkọ̀ akẹ́rù náà kọjú síwájú, tọ́bò méjèèjì wá dúró ní iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjì ẹ́ńjìnnì. Kí n tó lẹ páìpù kankan pọ̀ títí láé, mo rí i pé mo lè yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́jọ náà pẹ̀lú ọwọ́ mi láìtú tọ́bò sílẹ̀. Ọkọ̀ tí a kò lè pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì rẹ̀ lójú títì kò tíì di ọkọ̀ ojú pópó.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó máa rí i. Ríǹgì písítìnì kì í ṣe òrùka tó pé. Wọ́n là á níbì kan, àlàfo tín-ín-rín sì wà níbi tí orí rẹ̀ méjèèjì ti kọjú síra. Iná inú sílíńdà ń mú kí irin ríǹgì gùn. Lábẹ́ búùsìtì, iná náà pọ̀ ju èyí tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà wéwèé fún lọ. Bí àlàfo bá kéré jù, orí méjèèjì á pàdé, ríǹgì kò ní ríbi gbà mọ́, á há mọ́ ògiri sílíńdà, á sì fa ètí písítìnì ya. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní tọ́bò ló pa á, àlàfo yìí ló pa á. Ihò sílíńdà 5.3 jẹ́ mìlímítà 96. Fún búùsìtì ojú pópó, mo fi àlàfo ríǹgì òkè sí nǹkan bí mìlímítà 0.6. Ẹ ó fi orí písítìnì ti ríǹgì wọ inú sílíńdà tirẹ̀ gan-an, kí ó lè dúró gún régé, kí ẹ tó ki irin ìwọ̀n pẹlẹbẹ bọ àlàfo náà. Irin ìwọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ìdíwọ́ díẹ̀, bí ẹni pé epo fẹ́ẹ́rẹ́ wà lójú rẹ̀. Bí kò bá wọlé, ẹ yọ ríǹgì, ẹ rin orí rẹ̀ kan díẹ̀, láti ìta sí inú, ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ pa ẹnu mímú rẹ̀ rẹ́, ẹ padà wọ̀n ọ́n. Ríǹgì tí a wọ̀n nínú sílíńdà 3 kò gbọ́dọ̀ lọ sí 5. Mo máa ń tò wọ́n sórí pákó pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, n kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ohun kejì tí mo ń fi ọkàn sí ni ọ́ìlì tó ń kúrò nínú tọ́bò. Ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì ló ń léfòó. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣọ́ bí ọ́ìlì ṣe ń wọlé, wọn kì í ronú bó ṣe ń jáde. Ó wọlé pẹ̀lú ìtì. Kò sí ohun tó ń tì í jáde, fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣàn wálẹ̀. Ó sì ti pò mọ́ afẹ́fẹ́ nígbà yẹn, ó ń hó bí omi ọṣẹ. Bí páìpù tó ń gbé e padà bá tín-ín-rín, bí ó bá tẹ̀ sókè níbì kan, tàbí bí ẹnu rẹ̀ bá wọ inú páànù ọ́ìlì nísàlẹ̀ ibi tí ọ́ìlì dé, á dúró, á ga sókè nínú tọ́bò. Ohun tó ń dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà kì í ṣe rọ́bà, ríǹgì irin kékeré ni, kò lè dá ọ́ìlì tó ti kún dúró. Á gba ibẹ̀ yọ sínú páìpù èéfín, èéfín búlúù á bo ojú ọ̀nà, wọ́n á ní tọ́bò ti kú, wọ́n á ra òmíràn, òmíràn náà á máa yọ èéfín. Páìpù tèmi fẹ̀ tó àtàǹpàkò mi, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ láìsí ibì kankan tó tẹ̀ sókè. Nítorí èyí ni mo ṣe gbé tọ́bò sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, tí mo sì pàdánù àyè tó yẹ fún àsẹ́ afẹ́fẹ́. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Mo ní màá padà sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tútù. Ohun tí a bá tẹ̀ mọ́ra máa ń gbóná. Afẹ́fẹ́ tó wọ tọ́bò ní ìwọ̀n Celsius 30, tí a fi psi 7 kún, á jáde ní nǹkan bí 80 bí tọ́bò náà bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ẹ́rẹ́, agbára tí a rò pé a rí ti ń dín kù, èyí tó sì burú jù ni pé ó ń súnná sí epo kó máa bú kí pílọ́ọ̀gì tó tan iná. Ìdí tí intercooler, ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù, fi wà nìyí. Ṣùgbọ́n iwájú rédíétọ̀ ni ó ń jókòó, afẹ́fẹ́ tó sì dé rédíétọ̀ ti gbóná tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń wá intercooler tó tóbi jù lọ tó lè wọlé. Èmi gba èyí tó mọ níwọ̀n, mo sì lo agbára mi sórí rédíétọ̀ alumíníọ̀mù, fáànù oníná méjì, àti àpótí pẹlẹbẹ tó bo ẹ̀yìn rédíétọ̀ pátápátá kí fáànù lè fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú rẹ̀. Mo tún fi páànù dí gbogbo àlàfo ẹ̀gbẹ́ àti òkè, torí afẹ́fẹ́ kì í gba ibi tó nira kọjá nígbà tí ibi tó rọrùn bá wà. Àwọn páànù wọ̀nyí ló jẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láìhó.

Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ń kọ́? Èéfín tó ń wọ tọ́bò lè sún mọ́ Celsius 900 bí a bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Gbogbo wáyà, gbogbo páìpù epo, gbogbo páìpù bíréèkì tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ ní ààbò, kí àlàfo afẹ́fẹ́ sì wà láàárín ààbò náà àti ohun tó ń gbóná. Mo fi aṣọ tọ́bò wọ àwọn tọ́bò, mo gbé páìpù epo gba ẹ̀gbẹ́ férémù níbi tó jìnnà sí èéfín. Páìpù omi tó ń wọ ikùn tọ́bò, ìsàlẹ̀ ni mo fi ẹnu àbáwọlé rẹ̀ sí, òkè ni ti àbájáde, kí omi gbígbóná lè máa gòkè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa ẹ́ńjìnnì, kí ọ́ìlì inú tọ́bò má bàa jóná di èédú. Èyí ṣe pàtàkì fún ọkọ̀ ojú pópó torí ẹni tó lọ jíṣẹ́ kì í ní sùúrù láti jókòó máa dúró de tọ́bò kó tutù.

Ní ti epo, ìṣirò ni. Họ́ọ̀sìpáwà 500 lábẹ́ búùsìtì á mu nǹkan bí lítà 180 bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún odidi wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tí a bá tẹ̀ ẹ́, bí epo ṣe gbọ́dọ̀ máa sáré wọlé nìyẹn. Pọ́ǹpù tí wọ́n kọ lítà 255 sí lára tó, kò sì pọ̀ jù, nítorí pé bí ìtì epo bá ń ga tẹ̀lé búùsìtì, ohun tí pọ́ǹpù lè gbé máa ń dín kù. Sẹ́ńsọ̀ kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, èyí tó ń ka ìtì nínú manífóòdù afẹ́fẹ́ (èyí tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà). Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá láti ilé kò lè kà ju ìtì afẹ́fẹ́ ayé lásán lọ. Bí búùsìtì bá dé, nọ́ńbà rẹ̀ á dúró sójú kan, bíréènì bọ́ọ̀sì á rò pé kò sí ohun tó yí padà, á sì máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo tí kò tó. Sẹ́ńsọ̀ tó lè ka ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ fi sí i. Pílọ́ọ̀gì náà, ẹ mú èyí tó tutù ju ti ilé iṣẹ́ lọ, kí ẹnu rẹ̀ sún mọ́ra dé nǹkan bí mìlímítà 0.6, torí afẹ́fẹ́ tó ki máa ń paná lẹ́nu pílọ́ọ̀gì tó ya ẹnu.

Títún bíréènì bọ́ọ̀sì kọ ni ibi tí ìwà ọkọ̀ ti ń hàn. Àwọn tó ń fi fídíò hàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló rọrùn: àlàfo iṣẹ́ kéré, nọ́ńbà díẹ̀ ni. Ẹ fi epo sí i dé nǹkan bí 11.5 afẹ́fẹ́ sí epo 1, ẹ fà iná pílọ́ọ̀gì sẹ́yìn ní dígírì kan fún psi kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa tẹ́tí sí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí epo bá ń bú ṣáájú àsìkò, kí ẹ máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó gba àkókò mi ni ìyókù: bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dúró lórí àyípo kan nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù bá wọlé, bí ó ṣe ń jí nígbà tó tutù àti nígbà tí a pa á fún ìgbà díẹ̀ tí epo inú páìpù ti gbóná, bí ó ṣe ń ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ bá kàn kúrò díẹ̀ tó tún padà. Níbi tí tọ́bò ti ń jí, láàárín ìgbà tí kò sí búùsìtì àti ìgbà tí ó dé, mo jókòó ti nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan títí tí ènìyàn kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ojú pópó ń gbé. Lójú ọ̀nà lásán, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì.

Sípíríǹgì inú wastegate ló ń pinnu búùsìtì tó kéré jù lọ tí ọkọ̀ lè ní bí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀. Ètò oníná lè fi kún un, kò lè yọ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú sípíríǹgì psi 6, kì í ṣe 12. Bí wáyà kan bá já tàbí páìpù kan bá yọ lára ètò yẹn, psi 6 ni ọkọ̀ á padà sí. Ní gíà kìíní, mi ò jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀ rárá. Táyà kò ní gbà á, ilẹ̀ tútù kò sì ní gbà á.

Chevelle 1970 tí kì í ṣe SS (irú rẹ̀ tó lágbára), dúrọ́ọ̀mù ni bíréèkì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí oníbàárà kò bá san owó dísìkì. Kí ọkọ̀ tó tó tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ máa sáré ju ti àtijọ́ lọ, kó sì fi dúrọ́ọ̀mù dúró, ìwà ìkà ni sí àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Dísìkì iwájú ti wà lára rẹ̀ kí tọ́bò tó dé. Ẹ má gbàgbé fáàfù ọ̀nà kan lójú páìpù tó lọ sí ẹ̀rọ ìrànlọ́wọ́ bíréèkì: afẹ́fẹ́ tí manífóòdù ń fà ló ń lò, bí manífóòdù bá sì di búùsìtì, kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù tó ń gbé èémí ẹ́ńjìnnì padà. Láìsí fáàfù níbẹ̀, búùsìtì á wọ ikùn ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á sì máa jò níbi gbogbo tí gáàsìkẹ́ẹ̀tì wà. Gíábọ́ọ̀sì mi ni 4L80E, tí GM kọ́ lé orí TH400 àtijọ́, ó sì ní gíà kẹrin tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ Ford oní-ínǹṣì 9. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Chevrolet kò fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ó lágbára, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ṣòro rí.

Ó hàn nínú gíà ẹ̀yìn pé tọ́bò yí èrò ènìyàn padà. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò fẹ́ràn 4.10 (ọ̀pá ìwakọ̀ á yí ìgbà 4.10 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) kí ó lè yára sáré dé ibi agbára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò ń fẹ́ ẹrù lọ́rùn. Bí ẹrù bá wà, èéfín á pọ̀, tọ́bò á jí. Mo fi 3.42 sí i. Pẹ̀lú táyà tó ga tó ínǹṣì 27, ní gíà kẹrin, nǹkan bí àyípo 2,200 ni ẹ́ńjìnnì ń yí ní kìlómítà 112 ní wákàtí kan. Ariwo inú ọkọ̀ kò ju kí ènìyàn méjì sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ lọ. Bí ẹni tó wà níwájú bá ń falẹ̀ tí mo sì fẹ́ kọjá, mo kàn tẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, mi ò pààrọ̀ gíà, atọ́ka búùsìtì á gbéra, ìró afẹ́fẹ́ á dún fẹ́ẹ́ nínú páìpù, mo ti kọjá. Ohùn V8 kò parẹ́, tọ́bò kàn jẹ́ kó rọ̀ ni, torí èéfín ti gba inú àjà méjèèjì kọjá kó tó dé sálẹ́ńsà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Psi 9 ni mò ń lò báyìí ní gíà kẹta àti ìkẹrin. Àwọn ọ̀rẹ́ ń bi mí ìgbà tí màá gbé e dé 15. Bulọ́ọ̀kù á gbà á, epo tó dára á gbà á. Ṣùgbọ́n bíréèkì ẹ̀yìn ṣì jẹ́ dúrọ́ọ̀mù, bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn ṣì jẹ́ ti ìbàdí lásán, àwọn ọmọ sì ń jókòó síbẹ̀. Bẹ́líìtì olókùn mẹ́ta ti wà nínú páálí rẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́. Mo ní láti lẹ irin sí ògiri ẹ̀yìn ìjókòó kí bóòtì rẹ̀ lè ní ibi tó gbà á. Iṣẹ́ yẹn ló kàn, dísìkì ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni mo máa ṣí kọ̀ǹpútà.